Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé ní Alímọ̀ṣọ́: Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó

Bí ẹ bá wọ dáńfó ní Ìyànà-Ìpájà tí ẹ ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí oorun gbé yín lọ nínú ọkọ̀. Ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń ta búrẹ́dì, èyí tó tẹ̀lé e a máa ta ọ̀dà. Bí ọ̀kan bá ń ta káàdì fóònù, ìkejì rẹ̀ a máa ta táìlì, tí wọ́n tò dúró sí ẹnu ọ̀nà bí wàláà ọmọ ilé-kéwú. Kọ́tìnnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, àga tí wọn kò tíì fi aṣọ bò dúró ní gbangba pẹ̀lú egungun rẹ̀. Gbogbo àgbègbè náà ni ó ń kọ́lé, àwọn tó sì ti kọ́ tiwọn tán ń tún inú rẹ̀ ṣe.

Kò yani lẹ́nu. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ni iye ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ kà ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó tilẹ̀ wí pé wọ́n dín in kù ni, pé iye tí àwọn kà fúnra wọn kọjá mílíọ̀nù méjì. Ibẹ̀ ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pín in sí ọ̀nà mẹ́fà lọ́dún 2003, tí Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù àti Ìgàndó-Ìkòtún wà lára wọn. Ẹni tí owó ilé lé kúrò ní Múṣin tàbí Súrùlérè, ibẹ̀ ni ó máa ń kọjú sí. Ilé ìjọba wà níbẹ̀, bí irú Abẹ́sàn tí a kọ́ nígbà ìjọba Alájì Lateef Jákàńdè, láàrin 1979 sí 1983. Ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì sì ń yọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ẹ lè rí láti inú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni.

Obìnrin kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tí ó ń fi títún inú ilé ṣe jẹun. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò wá polówó ọjà ẹnikẹ́ni. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé àdéhùn kan ní Ìkòtún lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo sì ní kí ó jẹ́ kí n tètè dé, kí n lè bá a kiri ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí àkókò náà tó tó.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ yìí kò ju kí a gbé òdòdó oníke sórí tábìlì lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni obìnrin yìí ń ṣe. Ní ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì í ṣe àwọ̀ tí ìyálé ilé fẹ́ràn ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, "Màámi, ẹni mélòó ní ń sùn níhìn-ín? Ta ní ń tètè jí? Níbo ni ẹ ti ń kírun? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé, àbí ẹ yá a gbé?" Ẹ fi ìbéèrè ìkẹyìn yìí sọ́kàn, n óò padà sí i. Lẹ́yìn náà ó fa tépù yọ, ó wọn ògiri, ó wọn fèrèsé, ó sì tún wọn ẹnu ọ̀nà, nítorí àga kan ti há sí ẹnu ọ̀nà ilé kan rí, ayùn ni wọ́n fi gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ó wá kọ ohun gbogbo sínú ìwé: páálí táìlì mélòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mélòó, owó iṣẹ́ onítáìlì, ti káfíńtà, ti oníná, ti ẹni tí yóò rán kọ́tìnnì. Owó tirẹ̀ dá dúró nísàlẹ̀ gedegbe. Èyí wù mí púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni í fi èrè wọn pamọ́ sínú iye ọjà, tí wọn yóò sì dà bí olè lójú onílé lọ́jọ́ tí ó bá dé ọjà fúnra rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ sí i pé iye náà kò dúró ju ọjọ́ méje lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, tí ó sì já wálẹ̀, iye ohun tó ń ti òkè òkun wá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì tí a ń ṣe nílé níhìn-ín pàápàá kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní ibòmíràn. Oníṣẹ́ tó bá gba owó lóṣù yìí tí kò ra ọjà títí di oṣù tó ń bọ̀, gbèsè ni yóò fi parí ilé olówó. Nítorí náà owó ọjà ni obìnrin yìí kọ́kọ́ ń gbà, ó sì ń mú onílé dání lọ rà á. Owó iṣẹ́ ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀.

Nínú onítáìlì rẹ̀ méjèèjì, ará Kútọnu ni ọ̀kan, ará Tógò ni ìkejì, gbogbo Èkó sì mọ̀ pé ọwọ́ wọn mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òní ni àwọn tó ti ẹ̀yìn odi dé ti ń bá wa ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, João Baptista da Costa, ọ̀mọ̀lé kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ni ó darí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí ọnà ara ògiri rẹ̀, kí ó wá ọjọ́ kan lọ wò ó.

Nínú ilé Mùsùlùmí, ọ̀ṣọ́ ní ààlà tirẹ̀. Ẹ rántí ìyá wa Àíṣà, tí ó ta aṣọ ìkélé kan tó ní àwòrán lára. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí i, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ìyá wa kò sọ aṣọ náà nù, ó gé e, ó fi ṣe tìmùtìmù. Títí di òní, bí oníbàárà bá mú aṣọ àga tó ní kìnnìún àti ẹyẹ lára wá, obìnrin yìí a máa fi ewé àti ilà hàn án dípò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo ewé náà tí ó ní kò dára. Ó ní ohun tó ń fi wá Kíbílà nínú fóònù rẹ̀. Láti Èkó, Kíbílà kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an. Ó yà sí apá àríwá, bí a bá sì kà á láti àríwá, nǹkan bí dìgírì 63 ni. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń mọ ibi tí àga yóò wà nínú pálọ̀ kékeré, kí ẹni tó forí kanlẹ̀ má baà fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, kí tẹlifíṣọ̀n má sì dojú kọ ọ́.

Nínú Súúrà Núrù, áyà 58, Ọlọ́hun dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí ọmọ tí kò tíì bàlágà pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ó tó wọlé bá òbí rẹ̀: kí a tó kírun Súbùhí, ìgbà tí a bọ́ aṣọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta yóò ṣe pa èyí mọ́? Mo rí ọ̀kan ní Ìdímù. Ọ̀pá irin kan ni ó gbé kọ́ òkè àjà láti ògiri dé ògiri, ó fi kọ́tìnnì tó nípọn sí i. Bẹ́ẹ̀dì òbí wà lẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn ọmọ jẹ́ olókè-nísàlẹ̀, àpótí aṣọ wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pá irin yìí níye lórí ju gbogbo pí-ó-pí tó wà ní òkè àjà Ẹ̀gbẹ́dá lọ.

Láti Ìdímù a gba ojú ọjà Ìkòtún kọjá, níbi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń yára ju ọkọ̀ lọ, a sì dé Ìgàndó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà. Ohun tí ó ń bá jà níbẹ̀ ni ọ̀rinrin. Ní àwọn ibi tó sún mọ́ àkùrọ̀, omi a máa gun ògiri láti ìpìlẹ̀ bí epo ti ń gun òwú fìtílà. Ẹni tó bá kun ọ̀dà olówó iyebíye sí irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò máa gbá a nílẹ̀ kí ọdún tó yípo. Àwọn kan a kan pákó oníke mọ́ ọn, ojú a gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kò lọ, ó fara pamọ́ ni, àwọn ọmọ a sì máa wúkọ́ lóru. Kí ó tó kun ohunkóhun, obìnrin yìí a wá ibi tí omi ti ń wọlé: bóyá ilẹ̀ ìta ga ju ti inú ilé lọ, bóyá páìpù ń jò. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí bíríkìlà ha ògiri dé ìbàdí, kí ó fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé mọ́ rẹ́ ẹ padà, kí ó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí oníṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró kí ògiri gbẹ, ẹ má ṣe bínú sí i.

Ní Ìgàndó yìí ló ti fi ilé kan hàn mí. A kò wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo sì rí táìlì aláwọ̀ eérú tó ń dán. Olùkọ́ kan ló ti gbé ibẹ̀ rí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Owó èsúsú ọdún méjì ni wọ́n kó lé e: táìlì, pí-ó-pí, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe é, ilé yín ni." Ọdún kan kò pé lẹ́yìn náà, ó ní ilé ti dára ju owó tí wọ́n ń san lọ. Agbára wọn kò ká iye tuntun, nótíìsì sì dé. Olùkọ́ náà tú gílóòbù, ó ká kọ́tìnnì, ó kó lọ. Ta ní lè hú táìlì? Ẹlòmíràn ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lónìí, owó tí òun sì ń san ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, mẹ́nu ba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí ayálégbé bá tún ilé ṣe, tí onílé sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú, ayálégbé lè béèrè owó ohun tó tún ṣe nígbà tí onílé bá ní kí ó jáde. Wọ́n yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà kúrò lábẹ́ òfin náà, wọn kò yọ Alímọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa. Ìwé ni ó wí, kò wí pé ẹnu. Ṣáájú ni, kì í ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Bí onílé bá sì ní kí ó jáde ni, kì í ṣe bí òun fúnra rẹ̀ bá kó lọ. Bí ìjà bá ti dé, ibi ìlàjà ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn náà yóò béèrè ìwé.

Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń bi gbogbo ènìyàn bóyá àwọn ló ni ilé. Ayálégbé tí kò bá rí ìwé gbà, ọ̀ṣọ́ tó ṣeé kó lọ ni yóò ṣe fún un: kápẹ́ẹ̀tì oníke tí a tẹ́ láìlẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi ìdè dè, tí a kò kàn ní ìṣó, iná tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti pàdánù iṣẹ́ púpọ̀ nítorí èyí, nítorí àwọn kan fẹ́ pí-ó-pí dandan.

A padà sí Ìkòtún lẹ́yìn Àsárì. Télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ tẹ́ táìlì sí pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, páálí táìlì sì ti wà nílẹ̀. Baba onílé, àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ìwé tí wọ́n fi òyìnbó kọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àáfà," ó ní, "Mùsùlùmí ni gbogbo wa níhìn-ín. Kí ni ìwé ń ṣe láàrin wa?"

Mo ní, "Alájì, áyà tó gùn jù nínú Àlùkùránì, ìyẹn 282 nínú Súúrà Bàkárà, kí a kọ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i ni ó ń sọ."

"Gbèsè ni áyà náà ń sọ. Èmi kò jẹ wọ́n."

"Ẹ kò jẹ wọ́n lónìí, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kí wọ́n máa lọ, tí táìlì wọn kù sílẹ̀ fún yín ńkọ́?"

Baba rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí ohun tí òun kò lè kà. Mo tọrọ bébà, mo kọ ọ́ lédè Yorùbá lórí tábìlì ìgé-aṣọ télọ̀ náà, ní ẹ̀dà méjì, mo sì kọ iye tó wà nínú rìsíìtì sí i. Baba kà á tán, ó ní ó ku ohun kan: táìlì a máa gbó, nítorí náà kí a máa yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà kúrò lọ́dọọdún, tó bá di ọdún kẹrin kí ẹnikẹ́ni má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun mọ́. Télọ̀ wojú ìyàwó rẹ̀. Lóòótọ́, ohun tí baba wí kò burú. Ìyàwó ní, "Bàbá, a gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi owó kún owó ilé nítorí táìlì fún ọdún méjì." Baba tún rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí gbọ́n ju ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ní kí n kọ ìyẹn náà sí i.

Wọ́n fọwọ́ sí i, èmi àti aládùúgbò kan ṣe ẹlẹ́rìí. Kí n tó dé bíírò padà, onítáìlì ará Tógò ti gé páálí àkọ́kọ́, ó ti ń bu omi sí sìmẹ́ńtì.