Aṣọ Ẹgbẹ́, Bompai àti Ọ̀rọ̀ Ìjọba

Nígbà tí a ń múra ọdún yìí, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn àgbà ní Nàìjíríà ni kí ó ti wá. A dé ọjà Kantin Kwari, a rí aṣọ tí wọ́n tẹ "Made in Nigeria" sí létí. Ẹni tí ń tà á fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín: láti Ṣáínà ni.

Bompai tí a mọ̀ nígbà èwe wa, ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀: aṣọ, awọ, epo ẹ̀pà. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ló fi owó oṣù ibẹ̀ rán wa lọ sí ilé-ìwé. Lónìí, géètì tí a tì pa pọ̀ níbẹ̀.

Kí ló fà á? Iná tí kò dúró wà níbẹ̀, náírà tí ó já lẹ́yìn SAP ọdún 1986 náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ ìṣòwò àgbáyé, WTO, ní January 1995. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ tí kì í dúró. Ní 2004, ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́ ka aṣọ mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú. Àwọn onífàyàwọ́ ń gba Kùtọnu àti Maradi kó o wọlé. Ní 2010, ìjọba mìíràn ká òfin náà kúrò. Ní March 2019, Central Bank ní àwọn kò ní ta dọ́là fún ẹni tí ń kó aṣọ wọlé mọ́. Ní August, wọ́n ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Ní December 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ta ni yóò yá owó ra ẹ̀rọ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ ìjọba ni à ń ṣe, a mọ̀ pé ìwé àṣẹ kò wọ́n. Ẹni tí yóò dúró sí ẹnubodè tí kò ní gba rìbá ni ó wọ́n.

Kì í kúkú ṣe pé a fẹ́ kí àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ òkèèrè kógbá wọlé o. Òwò náà ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí owó oṣù Bompai ti dá dúró, òfin òjijì sì máa ń bá ẹrù wọn lọ́nà.

Àdìrẹ Abẹ́òkúta ni a padà rà. Ó wọ́n díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti hun aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú aró náà, kí ó lọ bi akápò.