Kọ̀ǹpútà Mi Kó Lọ Sílé Tuntun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí hard disk kọ̀ǹpútà bá ń kú lọ, ṣé kí á kó fáìlì inú rẹ̀ sórí òmíràn kò ti tó? Kò tó o. Fáìlì ni ẹrù inú ilé, Windows ni ilé fúnra rẹ̀. Ibì kan tún wà lórí disk tó fara pamọ́ fún ojú, níbi tí àwọn àṣẹ tó ń jí kọ̀ǹpútà wà. Bí ìyẹn kò bá bá wọn lọ, kọ̀ǹpútà kò ní jí.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni tèmi ń dún. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pa á, mo gbé e tọ ọmọkùnrin kan lọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Redemption Camp. Fráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni. Ẹ sì mọ bí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìsìn bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ní òun ń lọ sí Computer Village n'Ikẹja?

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi Windows tuntun sí i, ká kó fáìlì yín sí i. Kíá ni." (Ní Kámpù, ẹni tó bá ti hu ewú méjì, Dádì ni.)

Mo ní rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti dolóògbé ló ṣètò àwọn bọ́tìnnì náà fún mi. Bí mo bá tẹ ẹyọ kan, ẹ tàbí ọ á jáde tòun ti àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Ètò yẹn ti wọ inú Windows ṣinṣin, ọ̀rẹ́ mi kò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Òun ni mo fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kà lọ́wọ́ mi.

"Ó dáa, a ó clone ẹ̀ nìyẹn." Ìyẹn ni pé ká da gbogbo disk kọ látòkè délẹ̀. Ó fi Clonezilla, tí wọn kì í tà, sórí flash, ó sì ti ara flash náà jí kọ̀ǹpútà, kí Windows lè máa sùn lọ. Ẹni tó ń sáré kò ṣeé wọn bùbá fún, àbí?

SSD ni disk tuntun náà, kò ní àwo tó ń yí. Èyí tí IBM kọ́kọ́ gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ ohun tó lè gbà kò ju orin kan lọ lórí fóònù yín!

Ibi tí àyà mi ti já rèé. Ẹ̀rọ bi wá pé èwo ni a ń dà kọ, èwo ni yóò gbà á. Bí èèyàn bá ṣì í yàn, òfìfo ni yóò dà lé ẹ̀kún lórí, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́. Mo ní kó ka nọ́ńbà wọn sí mi létí. Ti àtijọ́ jẹ́ 500 GB, tuntun jẹ́ 512. Ẹ̀rọ tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá wa lójú. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Bátìrì mi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Kámpù ní ilé iṣẹ́ mànàmáná tirẹ̀, iná kò ṣẹ́jú rárá. Nígbà tó tán, ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó de tuntun mọ́ ọn, ó tàn án. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ọ̀ jáde, tòun ti àmì méjèèjì.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ nu disk àtijọ́, kí òun bá mi tà á. Mo ní kó dì í sínú nylon fún mi jàre.