Ohun Tí Wọ́n Mú Bọ̀ Láti Ìlú Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Òwe yìí ni mo rántí nígbà tí méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi. Àwọn méjèèjì ti lọ gba oyè másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi wọ́n bóyá èrè wà nínú ìrìn àjò náà.

Èyí ọkùnrin kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tó pé. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà já wálẹ̀, ohun tó kù láti san sì wọ́n kọjá ìṣirò wọn. Ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń tọ́jú arúgbó lóru.

"Mà, ọdún kan péré ni ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kò tí ì tán."

Èyí obìnrin ní tirẹ̀ sọ pé, "Mà, olùkọ́ wa ní kí a máa fi orúkọ pe òun. Ẹnu mi kò gbà á. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé àlàyé rẹ̀ kò tọ̀nà. Àyà mi ń já, mo nawọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní mo jàre, ó sì dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Ọmọ yìí kan náà ló nawọ́ nínú kíláàsì mi nígbà kan rí. Mo pín "gbangba" sí sílébù méjì lójú pátákó. Ó ní mẹ́ta ni, pé "n" àárín rẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù. Mo ní kí ó jókòó. Òun ló jàre, n kò sì sọ fún un títí ó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ọjọ́ náà ni mo tó tọrọ àforíjì.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, mo ti gbàgbé." Èmi kò gbàgbé.

Edinburgh ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, gírámà èdè wa gan-an ló sì ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀. Ó padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn, ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1966. Ìbéèrè nípa ohun tilé ni ó gbé lọ, ìdáhùn ni ó mú bọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèrò àtilọ, ẹ ṣírò owó dáadáa kí ilẹ̀ bàbá má baà lọ lásán. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa nawọ́ nínú kíláàsì wa. Kò yẹ kí ọmọ sọdá òkun kí ó tó gbọ́ "o jàre" lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀.