Ọ̀bẹ Tí Èkù Rẹ̀ Di Àkọ̀

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àwọn ẹ̀yà ọ̀bẹ fún wa, yóò ka ojú, yóò ka ẹ̀yìn, yóò ka ṣóńṣó, yóò sì wá mẹ́nu ba èkù àti àkọ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èkù àti àkọ̀ nínú èdè wa: ọwọ́ ni ó ni èkù, ọ̀bẹ ni ó ni àkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan wà tí ó da ọ̀rọ̀ yìí rú. Bí ó bá ti parí iṣẹ́, a ó ṣẹ́ ẹ po, ojú rẹ̀ yóò sì wọ inú èkù lọ, èkù yóò wá di àkọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Inú èkù tirẹ̀ ni èyí ń sùn. Irú ọ̀bẹ aláṣẹ́po bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ní kí n bá òun wá, nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ ológun ní Zaria, tí ìwé sì dé pé Borno ni wọn yóò gbé e lọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un kí ó fi wá kí wa ní Adó. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un wọ iṣẹ́ náà. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí ó bá wù ni ó ń di ọmọ ogun. Èyí kò mú kí ìyá wa lè sùn ní òru. Màmá fẹ́ kí a ra ọ̀bẹ gígùn fún un, irú èyí tí àwọn alápatà fi ń dú màlúù, nítorí pé ní ọkàn tiwọn, ọ̀bẹ ni ọmọ wọn yóò fi bá ọ̀tá wọ̀yá ìjà. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ti rí ọ̀kan ní Ọjà Ọba tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín bí ayùn, tí ó sì ń kọ mànà bí dígí nínú oòrùn.

Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìbọn ni ìjọba fi lé ọmọ ogun lọ́wọ́ fún ìjà. Ohun tí ó ń dojú kọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́ ni okùn tí ó ta kókó, àpò ìrẹsì tí ẹnu rẹ̀ kò ṣeé tú, agolo ẹja, alùbọ́sà, àti bàtà tí òwú rẹ̀ ti já. Iṣẹ́ ilé ni ọ̀bẹ inú àpò ń ṣe lójú ogun.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà kò ní jiyàn èyí. Ní ọdún 1944, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú rẹ̀, ń ti inú igbó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tí oúnjẹ lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ojú ọ̀run ni ọkọ̀ òfurufú ti ń ju ẹrù sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú. Ọ̀bẹ aláṣẹ́po tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọmọ ogun ní ìgbà náà ní ohun ìṣí agolo lára, ó sì ní ojú ihò tí a ń fi okùn bọ̀ kí ó má baà sọnù. Àwọn ará Switzerland, tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn fún ọ̀dọ́mọkùnrin wọn láti ṣe iṣẹ́ ológun, ti ń pín irú rẹ̀ láti ọdún 1891. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé kí ọmọ ogun lè tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀, kí ó sì lè ṣí agolo oúnjẹ. Èyí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí láti ọdún 2009 ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, ojú rẹ̀ sì ń há gbọn-in bí a bá ti ṣí i tán.

Ẹni tí ó bá ní kí ni ó kan ará ilé nínú ohun tí ọmọ ogun yóò lò, kí ó rántí Kírìjì. Ní àkókò ogun náà, tí ó jà títí di ọdún 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé ní Èkó ni wọ́n kó owó jọ, tí wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni tèmi.

Mo mú àbúrò mi lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti rí irin. Ọ̀bẹ mẹ́ta ni a yá lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà fún àyẹ̀wò, èyí tí ó ní eyín ayùn sì wà nínú wọn. Bàbá ṣí ìyẹn, wọ́n fi èkù rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì fi pátákó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Pàá! Ó pa dé.

“Tíṣà, ṣé ẹ rí i? Ó gbàgbé pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ìka ọmọ yín ló wà níbẹ̀ ńkọ́?”

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ nípa eyín ayùn mọ́. Ìkejì há dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá fi ayùn ìpọ́nrin kàn án, wọ́n mi orí. Wọ́n ní irin rẹ̀ le ju òkúta tí ọmọ náà yóò rí pọ́n ọn lọ. Bí ó bá kú, kíkú rẹ̀ nìyẹn. Ìkẹta kò lẹ́wà rárá. Èkù rẹ̀ dúdú, ó rí pálapàla, ojú rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kan wà nínú èkù náà tí ó ń ta sí ìdí ojú ọ̀bẹ bí a bá ṣí i, tí kò sì ní jẹ́ kí ó pa dé àfi bí a bá fi àtàǹpàkò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí, kò mira.

Èmi náà ní àyẹ̀wò tèmi. Mo ní kí àbúrò mi ká ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni pé ó fi di okùn tàbí ènìyàn mú, kí ó sì fi ọ̀tún nìkan yọ ọ̀bẹ náà nínú àpò, kí ó ṣí i, kí ó tún pa á dé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kí ó ki ọwọ́ bọ omi, kí ó tún un ṣe. Èkù pálapàla náà kò yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. A kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò sọ̀rọ̀ nípa ojú idà.

Nígbà tí ó ń ṣí i, tí ó ń pa á dé, Ògún Onírè wá sí mi lọ́kàn, nítorí Ìrè-Èkìtì kò jìnnà sí wa. Ká ní aláṣẹ́po ni idà tí Ògún mú dé ìpàdé tí kò sí ẹni tí ó kí i yẹn, bóyá kí ó tó ṣí i tán, ẹnì kan ìbá ti ní ẹ kú àbọ̀. Àwàdà ni o, kí àwọn ará Ìrè má bínú sí mi.

Iye tí a ra ọ̀bẹ náà kò tó ìdajì iye tí wọ́n pe aláyùn. Bàbá kan òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé iyanrìn apá ibẹ̀ yóò máa wọ ọ́, kí àbúrò mi máa nu ún lálaalẹ́. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí a dé ilé, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ṣé èyí náà ni ọ̀bẹ?” Wọ́n sì so okùn sí ihò rẹ̀ fúnra wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ní alùbọ́sà ni òun ń fi ọ̀bẹ náà gé jù, pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ni ó ń yá a. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ya ṣòkòtò ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ kan, kí a lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde dì.” N kò bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, òun náà kò sì sọ. Ohun tí ó ní kí n ṣe ni pé kí n wá òkúta ìpọ́nbẹ kékeré fún òun. Ẹnì kan tí ó ń padà sí Maiduguri ni mo fi rán sí i.