Ajá Náà Kò Ya Wèrè, Kò Ríṣẹ́ Ṣe Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣe ìran wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé: ajá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, kí ló rí tó fi ń gbó? Ògiri ni. Ògiri tó rí lánàá náà ni yóò rí lọ́la. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà nínú ìgboro Èkó àti Ìbàdàn. A ń fún wọn lóúnjẹ, a ń fún wọn lómi, a sì rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí o. Ajá ní ikùn, ó sì ní ọpọlọ. Ikùn nìkan ni à ń bọ́.

Ajá ayé àtijọ́ kì í jókòó lásán. Ajá ọdẹ a máa bá ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó, ṣaworo á wà lọ́rùn rẹ̀, á máa fimú tọ ipasẹ̀ òkété lónìí, ipasẹ̀ ẹtu lọ́la. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àlọ́ ọdẹ tó há sórí igi, tó ń ké pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ. Ajá tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tó mọ ọ̀nà, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ajá tó ń ronú nìyẹn. Ìgbà tí a kó wá sí ìgboro, a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajá, a fi ṣéènì rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ṣojú mi ni mo fẹ́ sọ. Lándílọ́ọ̀dù wa ní Ìbàdàn ní ajá ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bíńgò. Ìdí igi máńgòrò ni wọ́n so ó mọ́. Ó yípo igi náà títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi jin bí abọ́. Ó ń gbó ewé, ó ń gbó òṣùpá, kò sẹ́ni tó lè sùn lóru mọ́. Ó ń ge ìrù ara rẹ̀ jẹ débi pé ìrù náà degbò. Lọ́jọ́ kan, ó fa ṣòkòtò ọmọkùnrin kan tó ń gbómi kọjá ya. Lándílọ́ọ̀dù ní ajá náà ti ń ya wèrè. Ó ti ń bá àwọn tó ń se ẹran ajá ná an.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa ló lọ bá a. Ọdẹ inú igbó ni bàbá yìí ní Òkè-Ògùn kó tó wá máa ṣọ́lé ní ìgboro.

"Alàgbà, ẹ má bínú," ló wí. "Ajá yìí kò ya wèrè. Kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ẹ fún mi ní oṣù kan."

Lándílọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ọdẹ, ṣé ẹ fẹ́ wáṣẹ́ ìjọba fún un ni? Ó dáa. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré o."

Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára Bíńgò ni Bàbá kọ́kọ́ béèrè. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí dìgbòlugi gan-an kì í ṣe ohun àwàdà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kó àrùn náà, bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ajá tí ìwà rẹ̀ bá ṣàdédé yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ ké sí dókítà ẹran kíá. Ti Bíńgò kò rí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù, Bàbá á fi okùn mú un jáde. Kì í kánjú. Ibi tí ajá bá ti dúró gbóòórùn, òun náà á dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní í fà á kẹ́ ẹ máa lọ ni?" Ó wò mí. "Ìwé ìròyìn tirẹ̀ ló ń kà yẹn, ọmọ mi. Ṣé wọ́n máa ń já tìẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á ni?"

Ní ti oúnjẹ, Bàbá ní kí wọ́n má gbé gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ mọ́. Ó ń ki orí panla sínú èèpo àgbọn, ó ń bo ẹja gbígbẹ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé, ó ń ká èbà sínú páálí. Bíńgò á fimú wá a, á fẹsẹ̀ tú u. Àwọn ọmọ ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe bojúbojú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ẹ bá ní "Lọ bá Ṣèyí," ọ̀dọ̀ Ṣèyí ló ń lọ.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí irú nǹkan báyìí. Ní 1963, Glen Jensen ní Amẹ́ríkà gbé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ka iwájú àwọn eku tó ti mọ bí a ṣe ń tẹ irin kí oúnjẹ tó jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì ń padà lọ tẹ irin náà. Ní 2011, John Pilley àti Alliston Reid kọ̀wé nípa Chaser, ajá tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní South Carolina. Ó mọ orúkọ ohun ìṣeré 1,022. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz pín àwọn ajá sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń fimú wá nǹkan, àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe ń rìn tẹ̀lé ọ̀gá ẹni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé abọ́ síbi tí ajá kò lè fi mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn tó ń fimú ṣiṣẹ́ ló wá ń yára lọ wò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrètí ti wọ inú wọn.

Nígbà tí oṣù pé, Bíńgò kò di áńgẹ́lì. Ó ṣì ń gbó, ṣùgbọ́n àlejò ló ń gbó. Ìrù rẹ̀ ti jinná. Lándílọ́ọ̀dù kò dárúkọ títà mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí i tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó fi orí panla pamọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Bíńgò, ó dà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, kì í ṣe owó ni mo ní kí ẹ ná. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un rìn, ẹ jẹ́ kó gbóòórùn. Ẹ fi díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ fún un. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ nǹkan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí ó máa ń fọ́ ṣóṣóró nínú ọ̀fun. Àlùbọ́sà àti ṣokoléètì sì jẹ́ májèlé fún un.

Wọ́n máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tó wà lẹ́yìn ilé yín yẹn, ṣé ẹ ti fun fèrè kankan fún un rí?