Bí Oníbàárà Bá Ní Ẹrù Òun Kò Dé

 Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọlọ́mọ, púpọ̀ nínú yín ni ó ń fi fóònù tajà láti inú ilé. Ní agbègbè wa ní Ọ̀jọ́, láti bárékè àwọn ọmọ ogun títí dé Ìbá àti Òkòkòmáíkò, obìnrin tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ti di oníṣòwò. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ni ó sábà wà nínú òwò náà. Nítorí náà, bí oníbàárà bá kọ̀wé pé, "Ẹrù mi kò dé, ẹ dá owó mi padà," kò sí bí àyà kò ṣe ní já.

Òwò láìfojúkanra kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a kó iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi iye rẹ̀ hàn, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fẹ́ rà á a ka òkúta, a fi owó sílẹ̀, a sì gbé iṣu. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó gbé òwò náà ró, ṣùgbọ́n òkúta ni ẹlẹ́rìí. Níbo ni òkúta tiyín wà?

Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé máa ń ta aṣọ ibùsùn lórí WhatsApp. Nígbà kan, oníbàárà mi kan nínú bárékè ní òun kò rí ẹrù òun. Ọmọkùnrin tí ó fi alùpùpù gbé e lọ sì ní òun ti fi jíṣẹ́. N kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Mo bi ọmọkùnrin náà pé: ibo ni o dé, aago mélòó ni, ta ni ó sì gbà á? Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun kọjá géètì, òun sì fi í lé ìyá kan tí ó ń tajà nítòsí lọ́wọ́. Mo fi fọ́tò ẹrù náà, tí orúkọ wà lára rẹ̀, ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ó fi í han ìyá náà, ẹrù sì jáde lábẹ́ tábìlì. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn.

Kí ẹ tó fi ẹrù ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù méjì, àti ibi tí yóò ti gbà á. Ẹ ya fọ́tò ọjà kí ẹ tó dì í àti lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tí ń gbé e lọ pé kò gbọdọ̀ fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìpe oníbàárà. Bí ó bá dé, ẹ bẹ oníbàárà kí ó kọ̀wé pé, "Mo ti gbà á."

Bí ẹ̀sùn bá dé, ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó mú èsì wá. Bí ẹ bá wá ẹrù tì, ẹ dá owó padà tàbí kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́, nítorí ẹ̀yin ni ó sanwó fún. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá ẹni tí ó gbé e sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti gbà á, ẹ fi ẹ̀rí náà hàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìhàlẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ rántí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 dá àjọ FCCPC sílẹ̀, níbi tí oníbàárà lè mú ẹ̀sùn lọ. Ọdún náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó tún dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ni í sọ̀rọ̀. Omijé kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù tí ó kàn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í pariwo.