Rákẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta àti Ìgúnpá Kan

Nígbà tí olóòtú ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ nǹkan nípa pápá tẹ́níìsì tí ó wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ, ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ rín. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn mìíràn ti di adájọ́, àwọn kan ti jẹ oyè ní ìlú wọn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó kù fún àwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí gbọ́ láti ẹnu àwa tí ó ṣojú wa, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ wà fún ohun tí ó lé ní 50 ọdún.

Àwa mẹ́rin ni à ń pè ní "àwa" níhìn-ín: dókítà kan, agbẹjọ́rò kan, onímọ̀-ẹ̀rọ kan tí ó fi ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, àti àlùfáà kan. Àlùfáà náà ni ó di kálàmù mú, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti ka ohun tí ó kọ, wọ́n sì ti fagi lé àwọn ibi tí ó ti fẹ́ wàásù.

Ẹni tí ó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kí ọdún 1980 tó dé yóò rántí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà ní yàrá igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, igi ni gbogbo wọn, olúkúlùkù sì wà láàrin férémù onígi tí a fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè pinpin, kí ọ̀rinrin má baà mú un wọ́. Ìyà ń bẹ fún ọmọ tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù tán tí ó gbàgbé láti dá tirẹ̀ padà sínú ìdè. Àwọn rákẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn wúwo tó nǹkan bí 370 sí 400 gíráàmù. Orí wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì onígun-mẹ́rin 65 sí 70 lọ, bí àwo ọbẹ̀ ọmọdé. Bí bọ́ọ̀lù bá bá àárín okùn pàdé, ohùn rẹ̀ a dùn létí; bí ó bá bá ẹ̀gbẹ́ pàdé, gbogbo apá ni yóò gbọ́ ọ.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé igi a máa tẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bà á, bọ́ọ̀lù a sì pẹ́ díẹ̀ lórí okùn kí ó tó lọ. Nítorí náà, ìjánu wà nínú igi, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè darí bọ́ọ̀lù sí ibi tí ó bá wù ú. Ìrọ̀rùn náà wà níbẹ̀ fún apá tí ó lágbára láti gbé e. Agbára ni kò sí, àyàfi èyí tí onítọ̀hún bá fi èjìká àti orúnkún ara rẹ̀ mú wá. Ẹ̀kọ́ tí igbákejì ọ̀gá fi kọ́ wa kò ju mẹ́ta lọ: kí a yí èjìká, kí a tẹ orúnkún, kí a sì jẹ́ kí rákẹ́ẹ̀tì parí ìrìn rẹ̀. A rò pé ó ń fi ìyà jẹ wá ni.

Lẹ́yìn tí a jáde, ayé yí padà kíákíá. Ní ọdún 1976, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Howard Head, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ fi irin ṣe pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gbé rákẹ́ẹ̀tì alumíníọ́ọ̀mù kan jáde tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì onígun-mẹ́rin 110. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Wimbledon ọdún 1981, John McEnroe àti Björn Borg ṣì fi igi kojú ara wọn nínú ìdíje àṣekágbá. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin kankan tí ó tún fi igi gba ife-ẹ̀yẹ náà. Graphite ni ó gba ipò igi, ó fúyẹ́, ó sì le. Ní ọdún 1983, nígbà tí Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Èkó, na Guillermo Vilas ní Wimbledon tí ó sì dé ìpele kẹrin, àlùfáà wa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì sá kúrò ní kíláàsì láti lọ gbọ́ rédíò. Ó ní kí a má fagi lé ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìgúnpá. Nígbà tí àlùfáà wa pé ọmọ 61 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé bẹ̀rẹ̀ sí í nà án ní ìnàkunà. Ó lọ ra rákẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, pé ó sì ní agbára ju gbogbo èyí tí ó wà nínú ilé ìtajà lọ. Òtítọ́ ni ó sọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlùfáà wa na agbẹjọ́rò lẹ́ẹ̀mejì, a kò sì gbádùn ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò lè yí ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ láìrojú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan dókítà tí ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé gbogbo.

Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, ó gbé ife Ìdàpọ̀ Mímọ́ sókè, apá ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wáìnì sì dà sórí aṣọ funfun. Àwọn kan nínú ìjọ rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó dé. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ wá fi ife fún àwọn ènìyàn, ìyá àgbà kan tí ó kúnlẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdí ife náà lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Ó ti sọ fún wa pé nínú gbogbo ọdún tí òun ti fi ṣe iṣẹ́ náà, ojú kò ti òun bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe nítorí wáìnì. Ó mọ ohun tí ó fa ìgbọ̀n náà, ó sì mọ̀ pé ìlara àwọn ọ̀dọ́ ni ó mú òun dé ibẹ̀.

Dókítà bínú, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì là á yé wa. Ó ní bọ́ọ̀lù tí ó ń bọ̀ gbé agbára lọ́wọ́, agbára náà sì gbọ́dọ̀ rí ibi lọ. Bí férémù bá rọ̀, yóò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí férémù bá le, yóò dá èyí tí ó pọ̀ padà fún bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní alágbára. Ṣùgbọ́n ìjìgìjìgì tí ó kù yóò gba èèkù wọ inú apá. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá wúwo, ìwúwo rẹ̀ ni yóò dúró de bọ́ọ̀lù. Bí ó bá fúyẹ́, iṣan apá ni yóò dúró dè é, iṣan tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá sì ni ìyà náà ń pọ̀ lé lórí. Okùn tí wọ́n so sí rákẹ́ẹ̀tì náà tún jẹ́ polyester, èyí tí ó yẹ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi gbogbo ara yí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fà á le tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 60. Okùn tí a fà le a máa fi kún ìjánu, a máa dín agbára kù, a sì máa na apá. Èyí tí a dẹ̀ a máa ṣe ìdàkejì rẹ̀. Ìfun màlúù ni okùn tí ó rọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ọ̀rinrin kì í sì í bá a ṣe ọ̀rẹ́; náílọ́ọ̀nù tó fún irú wa.

Ó tún ní kí àlùfáà di èèkù náà mú kí òun wò ó. Ó yẹ kí àyè tí ó gba ìka ìfábẹ̀lá kan wà láàrin orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Kò sí àyè kankan. Èèkù náà tín-ín-rín débi pé ńṣe ni ó ń fún un lọ́rùn kí ó má baà yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́jọ ni àlùfáà wa kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó padà, rákẹ́ẹ̀tì tí ó rọ̀, tí ó wúwo tó 315 gíráàmù, pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù tí a dẹ̀ sí pọ́n-ùn 50, ni ó mú dání. Ìgúnpá náà kò tún dùn ún. Láti ìgbà náà ni ó ti di ajíhìnrere rákẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí ayẹyẹ yìí, onímọ̀-ẹ̀rọ wa kọ̀wé láti Houston pé òun fẹ́ fi rákẹ́ẹ̀tì méjìlá ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, irú èyí gan-an tí àwọn akọni ń lò lórí tẹlifíṣọ̀n: orí rẹ̀ jẹ́ 98, ó le, okùn polyester ni wọ́n so sí i. Àlùfáà fèsì ní ọjọ́ kan náà. Ó ní ẹ̀bùn náà yóò ba apá ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, pé irú ti òun ni kí ó rà. Ọ̀rọ̀ náà le ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rẹ́ wa dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n owó tèmi ni," kò sì tún kọ nǹkan kan sí wa lórí WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà tí a ti wà ní Fọ́ọ̀mù Kìíní, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Agbẹjọ́rò ni ó rí ọ̀nà. Ó ní a kì í dá ẹjọ́ láìgbọ́ ti ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù kò tíì sọ̀rọ̀. (Ó tún kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ mẹ́nu kan Dáfídì àti ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù nínú ìwé yìí, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó mọ àlùfáà wa ti gbọ́ ìwàásù yẹn tó.) A yá rákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta: ti akọni, ti àlùfáà, àti ọ̀kan tí kò lókìkí, 275 gíráàmù, tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó 105, tí okùn náílọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀. A kó wọn lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, olùkọ́ eré ìdárayá sì kó ọmọ mẹ́rìnlá jáde.

Àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n dàgbà jù lo ti akọni bí ẹni pé a bí i mọ́ wọn ni. Lọ́wọ́ àwọn yòókù, inú àwọ̀n ni bọ́ọ̀lù ń lọ, nítorí pé apá wọn kò tíì lè jù ú kánkán tó. Inú àlùfáà wa ti ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan tirẹ̀, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ̀ wọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ọmọbìnrin kékeré kan láti JSS 3 fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ odó. Àlùfáà dákẹ́. Ó wá yé e pé ìgúnpá ara òun ni òun ń ra rákẹ́ẹ̀tì fún, kì í ṣe apá àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òun ń bínú sí pẹpẹ nítorí kèrègbè.

Rákẹ́ẹ̀tì kẹta ni ó yanjú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń kọjá àwọ̀n, ó ń padà, wọ́n ń kà á: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá. Òótọ́ ni pé ìjánu rẹ̀ kò pọ̀, ọmọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù méjì kọjá ọgbà sínú ilé ìdáná. Nígbà tí a bi ọmọbìnrin náà léèrè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kò bá mi jà." Kódà ó gùn jù fún àwọn tí wọ́n kéré jù, ọ̀kan tí ó jẹ́ íǹṣì 26, dípò 27 ti àgbà, ni olùkọ́ yọ jáde láti inú sítóò fún wọn.

A fi fídíò ránṣẹ́ sí Houston. Àlùfáà fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e: "Àṣìṣe ni èmi náà ṣe. Ẹ má bínú." Ìdájí ọjọ́ kejì ni aago dún. Ọ̀rẹ́ wa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rántí Roger Federer, tí ó lo orí 90 fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó yí sí 97 ní ọdún 2014, tí ó sì tún gba ife-ẹ̀yẹ Ọsirélíà ní ọdún 2017 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ 35 ọdún. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè gbà pé orí tí ó fẹ̀ ń wúlò, ta ni ọmọ JSS 3? Ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí òun fi méjì irú ti akọni kún un fún àwọn ọmọkùnrin méjì wọ̀nyẹn. A gbà.

Mẹ́fà tí ó fẹ̀, mẹ́rin tí ó kúrú, méjì ti akọni, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń so okùn, ni ó wà nínú àpótí tí ẹ ó rí ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí olùkọ́ ń palẹ̀ sítóò mọ́, ó rí ọ̀kan nínú àwọn onígi ti ayé àtijọ́. Férémù rẹ̀ ti sọnù, ó sì ti wọ́ bí ṣíbí. Onímọ̀-ẹ̀rọ wa, tí ó ti ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú, ní òun ni yóò fi gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà. Dókítà ní kí ó kọ́kọ́ wá fi ìgúnpá rẹ̀ han òun.